Lẹ́tà Títílayọ̀ Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Dúrọ́ọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìtàn yìí, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kà á tán kí ẹ tó jù ú sílẹ̀.

N kò ní dárúkọ ìlú wa. Ẹni tó bá gba ojú títì láti Àrámọ̀kọ̀ lọ sí Èfọ̀n yóò kọjá níwájú ilé wa. Ọdún 1977 ni, ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Opó ni mí, ọmọ ọdún méjìlélógójì, èmi ni mo sì ń bójú tó ilé lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí lẹ́tà tó wọ ìlú tí kò gba ọwọ́ mi kọjá. Màmá Lẹ́tà ni wọ́n ń pè mí, ó sì máa ń wú mi lórí.

Àbúrò mi ọkùnrin, Bánjọ, ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títílayọ̀. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, èmi ni mo sì gbé e pọ̀n. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé mọ́dà, ilé ìwé ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ṣe ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Láti kékeré ló ti ń ṣe tíṣà. Á to òkúta sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á máa nà wọ́n ní pàṣán pé wọn kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Èmi ní èrò tèmi. Èmi ti wá ọkọ fún un.

Ilésanmí ni orúkọ ọkọ náà, ará Èfọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó ń ṣòwò pákó. Èmi ni alárenà. Lọ́dún tó ṣáájú, Bánjọ já bọ́ lórí igi obì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò lè ṣiṣẹ́ oko mọ́. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọkọ ìyàwó a máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ lóko àna. Ilésanmí kó ọmọkùnrin méjìdínlógún wá nínú lọ́rì tó fi ń kó gẹdú. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ro oko kòkó Bánjọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i. Gbogbo ìlú ń sọ ọ́. Wọ́n ní èmi Felicia mọ ọkọ wá.

Kò sẹ́ni tó bi Títílayọ̀ léèrè. Ìgbà tí mo sọ fún un, ó ti parí.

"Àǹtí, mo fẹ́ kàwé sí i," ni ohun tó sọ.

"Èyí tí o kà kò tó obìnrin ni? Tí o bá lọ gbé ní bọ́dìn, tí ẹnì kan fún ọ lóyún, ta ni yóò fẹ́ ọ? Èmi tí mo lọ sílé ọkọ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ló ṣe mí?"

Ó mú korobá, ó jáde lọ pọn omi. Nígbà tó kúrò níwájú mi, mo gbàdúrà pé kí ọmọ yìí fìdí rẹmi nínú ìdánwò, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọkọ̀ Àrámọ̀kọ̀ já àpò lẹ́tà sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ọ̀nà kan ni mo máa ń gbà ṣiṣẹ́ mi. Bí mo bá ti tú àpò, n óò da gbogbo lẹ́tà dojú délẹ̀ lórí tábìlì, n óò tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn wọn, pà, pà, pà, kí n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí wọn padà wo orúkọ.

Lọ́jọ́ náà, bí mo ti yí wọn padà, àpò ìwé gígùn méjì tí wọ́n jọra ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lójú. Ọ̀kan jẹ́ ti Lydia, ọ̀rẹ́ Títílayọ̀ tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò. Ìkejì jẹ́ ti Títílayọ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi ọ̀bẹ ya ti Títílayọ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ó yege, kó wá ṣe ìntáfíù ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá yọjú, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀.

Títí di òní, bí wọ́n bá bi mí ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, mo máa ń ní nítorí iṣẹ́ tí Ilésanmí ti ṣe lóko wa ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Sítáńdáàdì Fáìfù ni mo wà nígbà tí bàbá wa yọ mí nílé ìwé. Èmi ni mo máa ń gba ipò kìíní. Bánjọ tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Tíṣà mi wá bẹ bàbá wa, bàbá wa ní, "Ìwé wo ló fẹ́ kà fún ọkọ?" Mo sunkún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n di ẹrù mi, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní Àrámọ̀kọ̀ tó jù mí lọ ní ogún ọdún.

Nígbà tí mo wá rí orúkọ ọmọ tí mo gbé pọ̀n, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ geerege sórí ìwé ìjọba, ó dùn mí dé egungun. Ìlara ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń jowú ọmọ tí mo tọ́.

Mo ki lẹ́tà náà sábẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo tẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fún Lydia ní tirẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí Títílayọ̀ fi sáré dé, ó ń mí gúlegúle.

"Àǹtí, Lydia ti rí tirẹ̀ o! Tèmi ńkọ́?"

"Kò sí tìrẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún àpò yẹn wò. Ó lè há sí ìsàlẹ̀."

Mo mú àpò náà, mo yí i dojú dé, mo gbọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Eruku nìkan ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bóyá lọ́la," ló wí.

Lọ́la, ó wá. Lọ́tùúnla, ó wá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, kò béèrè mọ́. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo ojú mi, èmi á mi orí, á yí padà. Bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, n óò fi orúnkún ti dúrọ́ọ̀ pa.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, Mìsì Adéfúnkẹ́ wá. Tíṣà ọmọ Ìjerò ni, òun ló kọ́ àwọn ọmọ náà ní mọ́dà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò tíì lọ́kọ, òun sì ni àwa obìnrin ìlú máa ń tọ́ka sí bí a bá fẹ́ fi ìwé kíkà dẹ́rù ba ọmọbìnrin.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi," ó ní. "Títílayọ̀ ló gba máàkì jù nínú gbogbo wọn. Báwo ni Lydia ṣe máa rí lẹ́tà tí òun kò ní rí?"

"Mìsì, ṣé èmi ni mo ń kọ lẹ́tà ni? Èyí tí wọ́n bá fún mi ni mò ń pín."

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà láti fi béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó bá ọkọ̀ òní lọ."

Ó ra sítáǹbù, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí mi. Mo ní kó má ṣèyọnu. Bó ti yí ẹ̀yìn, mo ki í sábẹ́ ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe yìí, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kó lẹ́tà méjèèjì lọ sílé ìdáná láti sun wọ́n. Iná ń jó lala. Bí mo ti na ọwọ́, Títílayọ̀ gbé omi wọlé. Mo yára ká wọn mọ́ inú ìró mi.

Ó sọ omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì mí.

"Àǹtí, mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní bí Ọlọ́run kò bá fẹ́ kí n lọ, kó fi hàn mí. Ó jọ pé ó ti fi hàn mí. Ẹ má bínú sí mi mọ́. N óò fẹ́ ẹni tí ẹ ní kí n fẹ́."

Ohun tí mo ń wá nìyí, mo ti rí i. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ìró mi dà bí ẹni pé ó gbiná, nítorí mo mọ ẹni tó dá ọmọ yẹn lóhùn, kì í sì í ṣe Ọlọ́run. Mo fọwọ́ pa á lórí pẹ̀lẹ́, mo ní kó dìde. N kò lè sun lẹ́tà náà mọ́, n kò sì lè fún un. Mo dá wọn padà sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé. Lydia ti wọ aṣọ funfun kọjá níwájú wa ní kùtùkùtù, òun àti bàbá rẹ̀. Títílayọ̀ juwọ́ sí i títí ọkọ̀ fi lọ. Lẹ́yìn náà ló bá mi dé ilé lẹ́tà láti gbálẹ̀, bó ti máa ń ṣe lásìkò ìsinmi. Mo ń wo aago ara ògiri. Mo ní bí òní bá ti lè kọjá, ó parí.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lé díẹ̀, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ìjọba. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní Pius ni orúkọ òun, òun ni ọ̀gá tó ń yẹ ilé lẹ́tà wò káàkiri. Wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wá.

Ó wo òǹtẹ̀, ó wo àpò, ó ní gbogbo rẹ̀ dára. Bí èèyàn márùn-ún ló ń dúró láti gba lẹ́tà. Ó wá na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀.

"Sà, àwọn nǹkan tèmi ló wà níbẹ̀," mo ní.

"Kò burú, Màmá." Ó fà á. Ó há, nítorí ó ti gbó. Ó tún fi agbára fà á, gbogbo rẹ̀ sì yọ jáde, ó dà sílẹ̀, ìwé ìròyìn àti ohun gbogbo.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa lẹ́tà méjèèjì, ó sì gbé èyí tó gùn sókè.

"Mìsì Títílayọ̀ Bánjọ. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ọwọ̀ dákẹ́.

"Èmi ni, sà," ni Títílayọ̀ wí.

Ọ̀gbẹ́ni Pius yí lẹ́tà náà padà, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì! Ta ló sì ya á?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò mí. Ọwọ́ tèmi ló tẹ òǹtẹ̀ yẹn, kí n tó mọ ẹni tó ni lẹ́tà.

Ó na lẹ́tà náà sí Títílayọ̀. Ọmọ náà kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu mọ́kànlá."

Ó yíjú sí mi. Kò sunkún, kò pariwo.

"Àǹtí, ẹ gbọn àpò yẹn lójú mi."

Ó sọ ọwọ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán sáré lọ sílé Mìsì Adéfúnkẹ́. Wọ́n dá lọ́rì kan dúró lójú títì, ó sì gbé wọn lọ. Aago méjì ti kọjá kí wọ́n tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Akọ̀wé ibẹ̀ ní wọ́n dúró de ẹni tó ń jẹ́ Títílayọ̀ Bánjọ títí di ọ̀sán, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Lydia wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Pius gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní kí n dúpẹ́ pé òun kò pe ọlọ́pàá.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sílé Bánjọ. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Mo ti ní bí wọ́n bá gbá mi létí, n kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí ti pé síbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ilé wa sọ fún mi.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Uṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ ló ń dùn mí. Ulé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, bó ka ùwé, bí kò ka ùwé."

Àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan ní ohun tó yẹ kí ìyá ṣe ni mo ṣe. Òmíràn kí mi kú àfaradà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ojú tì mí ju bí wọn ì bá ti nà mí lọ.

Bánjọ nìkan ni kò dúpẹ́. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti rọ síwájú. Títílayọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, Mìsì ní mo lè tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. N kò sọ pé n kò fẹ́ Ilésanmí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dúró dè mí."

Bánjọ fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ro oko mi. Ojú wo ni n óò fi wò wọ́n?" Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mú wọn wá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró. Kí ni ká ṣe?"

Títílayọ̀ wò mí lórí ìkúnlẹ̀.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí. Ìyá Ilésanmí ti sọ fún mi látilẹ̀ pé ọmọ náà kéré, àwọn kò kánjú, àwọn lè dúró ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Mo mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí ọmọ yìí bá padà wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, a jẹ́ pé lásán ni mo pàdánù iṣẹ́ mi, lásán ni mo di olè lójú ìlú.

"Wọn kò lè dúró," mo ní. "Oṣù Kejìlá dára."

Títílayọ̀ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó jáde.

Ó lọ sílé ọkọ ní Èfọ̀n lóṣù Kejìlá. Ilésanmí kì í ṣe èèyàn burúkú, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò tíì gbó. Ọjọ́ méjì ni Títílayọ̀ fi rọbí oyún àkọ́kọ́, ọmọ náà kú, òun náà sì fi oṣù mẹ́rin wà lórí ibùsùn. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Á kí mi ní "Ẹ ṣé, mà," á yíjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló bí ọmọbìnrin kan, Rẹ̀mí, tó sì bí mẹ́ta mìíràn. Lydia ti di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé báyìí.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin àǹtí, kì í ṣe àwọn ọkùnrin nìkan ló ń fi ọmọdé fọ́kọ. Àwa náà ni. A ti jẹ ìyà náà rí, dípò kí ó mú wa ṣàánú, inú ló ń bí wa sí ẹni tó bá fẹ́ bọ́ níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wí.

Lóṣù Keje tó kọjá yìí, lọ́dún 1993, mo gun òkè lọ bá Títílayọ̀ ní Èfọ̀n. Orúnkún ń dùn mí, èmi nìkan ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ kí Rẹ̀mí wá bá mi lo ìsinmi. Rẹ̀mí ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Títílayọ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó gúnyán fún mi, ó bu omi fún mi wẹ ọwọ́. Nígbà tí mo jẹun tán, mo ní kí n tètè sọ ọ́ kí àyà tó kò mí.

"Títílayọ̀, lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn, dárí jì mí."

"Àǹtí, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ọdún tí mo bí Rẹ̀mí ni."

Omi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Mo nu ojú mi, mo rẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Jẹ́ kí Rẹ̀mí lọ di ẹrù rẹ̀, ká tètè lọ."

"Rárá, mà. Rẹ̀mí kò ní lọ."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

"Kò ní gbé lọ́dọ̀ yín, mà. Ì báà jẹ́ ọjọ́ kan."

"Títílayọ̀, ṣé o rò pé mo lè ṣe ọmọ yìí níbi ni? Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Ó palẹ̀ abọ́ mọ́, kò gbé ohùn sókè rárá. "Mo mọ̀, mà. Ẹ fẹ́ràn èmi náà."

Ó gbé báàgì mi, ó sìn mí sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ Àrámọ̀kọ̀ ti ń gbéra. Ó dúró tì mí títí ọkọ̀ fi kún, ó sì kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀.